Àwẹ̀ró Amọ̀kòkò àti Amọ̀ Ẹnu Ihò Akàn

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

"Ẹ sún mọ́ mi. Ìbídùn, ká ẹsẹ̀ rẹ kò, kí Ìdòwú lè ríbi jókòó sí lórí ẹní. Àlọ́ mi yí gbìrìgìdì, ó yí gbìrìgìdì, ó dúró lórí Àwẹ̀ró ìyàwó tuntun, ó fẹsẹ̀ kan Akàn etídò."

"Kó má fọ́ o, Ìyá Àgbà."

"Kò ní fọ́. Ẹ sáà máa gbè é."

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí ènìyàn àti ẹranko ṣì ń kí ara wọn lójú ọ̀nà, ìlú kan wà tí wọ́n ń pè ní Òkè-Ẹbu. Ìkòkò mímọ ni iṣẹ́ àwọn obìnrin ibẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń po amọ̀, tí wọ́n ti ń mọ ọ́n, tí wọ́n sì ti ń sun ún, òun ni wọ́n ń pè ní ẹbu.

Àwẹ̀ró kì í ṣe ọmọ ìlú náà. Àgbẹ̀ ni baba rẹ̀, kò sì sí ẹni tó mọ ìkòkò rí nílé wọn. Láògún ará Òkè-Ẹbu ló wá fẹ́ ẹ. Àwọn òbí rẹ̀ rò pé ìwà ọkọ ló wù ú. Ìwà ọkọ wù ú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìkòkò tí àwọn àna fi gbé oyin ìdána wá ló kọ́kọ́ wò. Ó gbé e sókè, ó tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi àtàǹpàkò tọ ìdí rẹ̀ yíká, oyin fẹ́rẹ̀ẹ́ dà sílẹ̀. Ó ní, "Ẹni tó mọ èyí mọ ohun tó ń ṣe."

"Ìyá Àgbà, ó gbàgbé oyin?"

"Ìdòwú, ó gbàgbé oyin, ó kù díẹ̀ kó gbàgbé ọkọ."

Bí Àwẹ̀ró ṣe rí nìyẹn. Bó bá rí agbọ̀n, yóò dà á dé láti wo ibi tí ẹni tó hun ún gbà parí rẹ̀. Bó bá rí àpótí, yóò fọwọ́ pa á kó tó jókòó lé e. Ohun tí ọwọ́ ènìyàn bá ṣe, tó sì ṣe é dáadáa, bí ọbẹ̀ aládùn ló rí lójú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan wọ́n rán an ní ata lọ́jà. Orógùn ló gbé dé, nítorí pé agbẹ́gi kan fín ejò sí ìdí rẹ̀.

Láògún ní, "Àwẹ̀ró, ata dà?"

"Ata pọ̀ lọ́jà, yóò tún wà lọ́jà tó ń bọ̀. Orógùn yìí nìkan ló kù."

"Ṣé òun la ó wá lọ̀ sọ́bẹ̀?"

"Ẹ wo ojú ejò náà ná."

Láògún wò ó títí. Ó ní, "Òun náà ń wò mí." Ọbẹ̀ aláìláta ni wọ́n jẹ lọ́jọ́ náà, ẹ̀rín ni wọ́n sì fi jẹ ẹ́.

Ó ní àpò awọ ewúrẹ́ kan tó ń kó ohun tó bá rí sí. Ìyá mi ka ohun inú rẹ̀ fún mi, èmi náà yóò kà á fún yín, kí ẹ lè kà á fún ọmọ tiyín. Òkúta odò mọ́kànlá tó ń dán bí ẹyin. Ìkarahun ìgbín mẹ́rin. Kùkù àgbàdo méje, tí ojú ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ sí ti èkejì. Owó ẹyọ mẹ́sàn-án. Ìyẹ́ àlùkò kan. Àfọ́kù igbá kan tó tẹ̀ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé.

Ìyá Ọ̀kẹ́, ìyálé rẹ̀, a máa wo àpò náà, a ní, "Ìyàwó, ààtàn ta lo tún rù wálé yìí?"

Àwẹ̀ró a kúnlẹ̀ dáhùn pé, "Ìyálé mi, díẹ̀ nínú rẹ̀ wá láti ààtàn tiyín."

Òfin kan wà ní ẹbu. Ìyàwó tuntun yóò mọ ìkòkò omi mẹ́ta ní ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́ tó bá lò nílé ọkọ. Ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ gba omi dúró láti ọjọ́ ọjà kan dé èkejì. Wọn yóò gbé e ka orí òkúta mẹ́ta, wọn yóò da eérú gbígbẹ sábẹ́ rẹ̀. Bí eérú bá rin, ìkòkò jò nìyẹn. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá kùnà, igi ni ìyàwó náà yóò máa rù fún àwọn tó ń sun ìkòkò títí ayé rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò ní kan amọ̀ mọ́.

Òfin kejì wà, ṣùgbọ́n wọn kì í pariwo rẹ̀. Wọn kì í kọ́ ẹni tí kò béèrè. Wọ́n gbà pé ẹ̀kọ́ tí ènìyàn kò béèrè, bó ṣe ń gba etí kan wọlé ló ń gba èkejì jáde.

Igi rírù kò ba Àwẹ̀ró lẹ́rù, ọmọ àgbẹ̀ ni. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé kí amọ̀ máa wà níwájú rẹ̀ lójoojúmọ́, kí ọwọ́ rẹ̀ má sì lè kàn án.

Ó bẹ̀rẹ̀ ìkòkò àkọ́kọ́. Ní Òkè-Ẹbu, ìkòkò kì í yí. Ìkòkò á dúró sójú kan, amọ̀kòkò ni yóò máa fi ẹ̀yìn rìn yí i ká, tí yóò máa fi ọwọ́ fa amọ̀ sókè díẹ̀díẹ̀. Àwẹ̀ró ti wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ó fi orin tirẹ̀ sí i. Ẹ gbè é fún mi:

Amọ̀ inú odò o,
*Yí i ká.*
Má sá fún ọwọ́ mi,
*Yí i ká.*
Ẹ̀yìn ni mò ń rìn lọ,
*Yí i ká.*
Iwájú niṣẹ́ ń lọ,
*Yí i ká.*

Ìkòkò náà dìde. Àwẹ̀ró wò ó, ó wo àpò rẹ̀. Ó ní ohun tó dára kò yẹ kó wà nínú òkùnkùn. Ló bá ń kó wọn jáde. Ó fi òkúta mẹ́wàá tẹ ikùn ìkòkò náà yíká, ó to owó ẹyọ mẹ́sẹ̀ẹ̀sàn-án sí ọrùn rẹ̀, ó fi ìkarahun mẹ́ta ṣe etí fún un. Òkúta kan àti ìkarahun kan ṣẹ́kù, torí pé kò ráàyè fi wọ́n sí. Gbogbo ẹbu dúró wòran.

Olórí wọn, àgbàlagbà obìnrin tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ẹbu, náà wá wò ó. Ó ti mọ ìkòkò títí ìka rẹ̀ fi rí bí gbòǹgbò igi.

Ó ní, "Àwẹ̀ró, ta lo bi léèrè?"

"Mi ò bi ẹnì kankan, Ìyá. Ojú mi ló sọ fún mi."

"Ojú a máa sọ̀rọ̀ lóòótọ́," ni Ìyá Ẹbu wí, ó bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí ìkòkò gbẹ, wọ́n kó igi àti koríko bò ó pẹ̀lú ti àwọn tó kù, wọ́n dáná sí i. Iná mú, òkúta kan dún gbàù. Òmíràn dún gbàù.

"Mélòó ló dún, Ìyá Àgbà?"

"Ìdòwú, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni. Àwọn adìyẹ sá wọ ilé, wọn ò jáde títí di ọjọ́ kejì. Owó ẹyọ àti ìkarahun jóná di ẹfun. Ìkòkò fọ́ yángá."

Ìyá Ọ̀kẹ́ ní, "Ìyàwó, a rò pé ìkòkò lo mọ. A ò mọ̀ pé ìbọn ni."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Àwẹ̀ró náà rẹ́rìn-ín, torí pé ọ̀rọ̀ náà dùn, àmọ́ nígbà tó ń gbá àfọ́kù rẹ̀ jọ, ó ń kà á lọ́kàn pé ó ku méjì.

Ó wá sọ fún ara rẹ̀ pé amọ̀ ẹbu ni kò dára tó. Ó mú àpò rẹ̀, ó forí lé odò. Ó dé ibì kan tí omi ti fà, ó rí ihò kan. Ní ẹnu ihò náà ni wọ́n to amọ̀ sí ní róbótó róbótó, ọ̀kan lórí èkejì, ó dọ́gba, ó sì kúnná bí òrí.

Àwẹ̀ró bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó mú ẹyọ kan, ó fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́. Kò mọ ìgbà tó jókòó sínú ẹrẹ̀.

Akàn yọjú látinú ihò. Ó ní, "Ìwọ tí o jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi, ṣé kò sí?"

"Kò sí o. Ta ló ṣe ìwọ̀nyí?"

"Èmi ni."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀. Ẹsẹ̀ ni mo fi ń yí i."

"Ó mà dọ́gba o."

Akàn fẹ̀gbẹ́ sún mọ́ ọn. Ó ní, "Tún un sọ."

"Kí ni?"

"Ohun tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yẹn."

"Mo ní ó dọ́gba. Mi ò rí irú rẹ̀ rí."

Akàn jáde pátápátá. Ó ní, "Láti ọjọ́ tí mo ti ń gbẹ́lẹ̀ létí odò yìí, ṣe ni àwọn ènìyàn ń tẹ iṣẹ́ mi mọ́lẹ̀ kọjá. Ìwọ lẹni àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. Wá wo èyí tó wà lẹ́yìn, òun ni mo fẹ́ràn jù."

Báyìí ni wọ́n dọ̀rẹ́. Akàn ń rìn ní ẹ̀gbẹ́, Àwẹ̀ró ń rìn ní ẹ̀yìn bó ṣe mọ́ ọn lára, kò sí ẹni tó ń lọ síwájú nínú wọn, síbẹ̀ wọ́n yí gbogbo etídò po. Nígbà tí wọ́n parí, Akàn ní kó kó amọ̀ náà, ó ní ohun kan ṣoṣo tóun fẹ́ ni kó jẹ́ kóun rí ohun tó bá fi ṣe.

Ìkòkò kejì dùn ún mọ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Orin kan náà ló kọ sí i. Amọ̀ náà ń tẹ̀lé ọwọ́ rẹ̀ bí ọmọ tó gbọ́ràn. Kò lẹ ohunkóhun mọ́ ọn. Ìyá Ẹbu tún wá, ó tún ní, "Àwẹ̀ró, ta lo bi?"

"Mi ò bi ẹnì kankan, Ìyá. Mo rí amọ̀ rere gbà lọ́wọ́ Akàn ọ̀rẹ́ mi ni."

Ìyá Ẹbu tún bá tirẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kẹta tí wọ́n gbé e sá síbi òjìji, ìkòkò náà là láti ẹnu dé ìdí, fàà, bí aṣọ gbígbó. Iná kò tíì kàn án rárá.

Kò sí ẹni tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ náà. Ìyá Ọ̀kẹ́ pàápàá bá a gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àánú náà sì dun Àwẹ̀ró ju ẹ̀fẹ̀ lọ. Ó ku ẹyọ kan.

Ó gbé ìlàjì ìkòkò náà lọ sétí odò. Akàn yí i ká lẹ́ẹ̀mejì.

Àwẹ̀ró ní, "Kí ló dé tó fi là?"

"Èmi kọ́ lo máa bi. Ihò ni mo ń gbẹ́, mi ò gbé iṣẹ́ mi sá sí òjìji rí, mi ò sì sun ún níná rí. Ṣé kò sí ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ nílé yín ni?"

Àwẹ̀ró dúró. Ẹni mélòó ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ nílé wọn? Wọ́n pé méjìlélógún. Láti ìgbà tó ti dé, ó ti bi òkúta, ó ti bi ìkarahun, ó ti bi Akàn. Kò bi ènìyàn.

Ó gba ilé Ìyá Ẹbu lọ tààrà, ó kúnlẹ̀. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí ìkòkò mi fi là?"

Ìyá Ẹbu fọwọ́ bo ẹnu. Ẹ̀rín ló ń rín. Ó ní, "Mo ti ń rò ó pé n ó kú kí o tó bi mí. Dìde ńlẹ̀, ọmọ mi. Dúró dè mí."

Ó wọ yàrá, ó wọ́ àpò kan jáde. Àpò náà fi ìlọ́po méjì tóbi ju ti Àwẹ̀ró lọ.

"Háà," ni Ìbídùn wí.

Bẹ́ẹ̀ ni Àwẹ̀ró náà ṣe wí. Ìyá Ẹbu tẹ́ ẹní, ó ń kó o sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Wo èyí. Ọdún tí mo bí àkọ́bí mi ni mo rí i nísàlẹ̀ odò."

"Ìyá, ẹ jẹ́ n fọwọ́ kàn án."

"Mú u dání. Wo ibi tí àtàǹpàkò ìyá mi jẹ lára èyí, tèmi náà wọ ibẹ̀ wẹ́kú. Èyí ńkọ́? Ọkọ mi ní kí n dà á nù, èmi ní kí wọ́n da òun nù ná."

Oòrùn yẹ̀, wọn ò mọ̀. Àwọn ewúrẹ́ ti ibi ìjẹ dé, wọn ò mọ̀. Láògún wá wò bóyá oúnjẹ wà. Nígbà tó rí bí wọ́n ṣe forí kan orí lórí òkúta, ó padà lọ sun iṣu fúnra rẹ̀, ó sì gbé tiwọn wá.

Nígbà tó yá, Ìyá Ẹbu ṣí kèǹgbè kan, ó bu ohun kan tó rí bíi gààrí pupa sí àtẹ́lẹwọ́. "Àfọ́kù ìkòkò tí mo gún nìyí. Amọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ dára, ó kúnná jù ni. Ohun tó kúnná jù kì í lè di ara rẹ̀ mú. Bù èyí sí i, kó lè ní eyín tí yóò fi di ara rẹ̀ mú."

Ó mú kùkù àgbàdo kan nínú àpò Àwẹ̀ró, ó yí i lórí amọ̀ tútù, ó sì gbé e kúrò. Ojú kùkù náà wà lára amọ̀, ó tò bí ìlà ilá. Ó fi etí ìkarahun tó ṣẹ́kù tẹ ẹ́, tẹ ẹ́, tẹ ẹ́, ó di ìgbì omi.

"Àwẹ̀ró, ohun tó dára kò dìgbà tó bá jókòó sára ìkòkò. Jẹ́ kó fara kàn án kọjá. Ipa rẹ̀ tó."

Àwẹ̀ró bẹ̀rẹ̀ ìkòkò kẹta. Ó gún àfọ́kù, ó bù ú sí amọ̀ Akàn, ó tẹ̀ ẹ́ títí ẹsẹ̀ fi ro ó. Ẹ gbè é:

Amọ̀ ẹnu ihò o,
*Yí i ká.*
Ìyá ti fún ọ léyín,
*Yí i ká.*
Ẹ̀yìn ni mò ń rìn lọ,
*Yí i ká.*
Iwájú niṣẹ́ ń lọ,
*Yí i ká.*

Ó yí kùkù àgbàdo sí ikùn rẹ̀, ó fi ìkarahun tẹ ọrùn rẹ̀, ó fi òkúta kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù dán ejìká rẹ̀. Bí ohun kan kò bá yé e, yóò béèrè. Nígbà tó yá, ó béèrè débi pé Ìyá Ọ̀kẹ́ ní, "Ìyàwó, jẹ́ ká mí."

Ìkòkò gbẹ, kò là. Wọ́n sun ún, kò dún. Wọ́n fi igi gígùn fà á jáde ní pípọ́n, wọ́n bu omi èèpo irúgbá tí wọ́n ti sè kalẹ̀ wọ́n ọn lára, ṣàà, kí ó lè dí àwọn ihò wẹ́wẹ́. Wọ́n gbé e ka òkúta mẹ́ta lọ́jọ́ ọjà, wọ́n da eérú sábẹ́ rẹ̀, wọ́n pọnmi kún un. Láti ọjọ́ náà, Àwẹ̀ró kò ráyè ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni. Láògún ní bóun bá fẹ́ rí ìyàwó òun, òun náà á lọ jókòó ti ìkòkò.

Ọjọ́ ọjà kejì pé. Gbogbo ẹbu péjọ. Akàn náà ti etí odò wá, ẹ̀yìn rẹ̀ ti gbẹ lójú ọ̀nà.

Ìyá Ọ̀kẹ́ fọwọ́ kan ikùn ìkòkò. Ọwọ́ rẹ̀ rin. Ó ní, "Ó jò. Ẹ wò ó, gbogbo ara rẹ̀ ló tutù." Kò fi ayọ̀ sọ ọ́ rárá.

Àwẹ̀ró dìde kúrò nídìí ìkòkò. Ó bojú wo igi tí wọ́n tò jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹbu.

Ìyá Ẹbu ní, "Ara kọ́ la ń wò. Eérú la ń wò." Ṣùgbọ́n ìkòkò kún dẹ́múdẹ́mú, kò sí ẹni tó fẹ́ gbé e kó má baà já bọ́. Àárín àwọn òkúta náà sì há, ọwọ́ ènìyàn kò gba ibẹ̀.

Akàn ní, "Èmi gba ibẹ̀."

Ìyá Ọ̀kẹ́ ní, "Ọ̀rẹ́ rẹ̀ lèyí. Kò ní sọ òótọ́."

"Ẹnu mi lè purọ́," ni Akàn dáhùn, "ẹsẹ̀ mi kò lè purọ́."

Ó fẹ̀gbẹ́ rìn wọ abẹ́ ìkòkò. Gbogbo ènìyàn tẹ́tí. Wọ́n ń gbọ́ ọ tó ń ha ilẹ̀ lọ, tó ń ha ilẹ̀ bọ̀. Ó jáde ní òdìkejì.

Ó funfun láti orí dé ẹsẹ̀. Eérú gbígbẹ bò ó bí ẹni tó ṣubú sínú èlùbọ́. Ó sín lẹ́ẹ̀kan, eérú sì fò lára rẹ̀ bí èéfín.

Ìyá Ẹbu ní, "Ìkòkò tó bá ń làágùn kò jò. Òógùn yẹn ló ń mú omi tutù." Ó bu omi náà fún Ìyá Ọ̀kẹ́. Ìyá Ọ̀kẹ́ mu ún, ó dijú, ó tún na igbá. Gbogbo ẹbu bú sẹ́rìn-ín, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jó yí ìkòkò ká, ẹ̀yìn ni wọ́n fi ń jó, Akàn sì ń fi ẹ̀gbẹ́ jó láàárín wọn.

Ìyá Ẹbu fi ẹsẹ̀ fa ìlà sílẹ̀ ẹbu, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààyè Ìyá Ọ̀kẹ́. "Ibí ni tìrẹ, Àwẹ̀ró."

Ìyá Ọ̀kẹ́ kó ẹrù rẹ̀ sún fún un. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rẹ ohùn sílẹ̀: "Ìyàwó, níbo lo ti rí ìkarahun tí o fi tẹ ọrùn ìkòkò yẹn?"

"Ìyálé mi, ẹ dìde, ká jọ lọ wá tiyín."

Wọ́n sì jọ lọ.

"Ẹ̀yin ọmọ mi, ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú lọ sùn ni pé kí ẹ fẹ́ràn iṣẹ́ ọwọ́ yín, kí ẹ fẹ́ràn ohun èlò rẹ̀, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ti ṣe é ṣáájú yín, kí ẹ sì fi ohun gbogbo sí ààyè tó yẹ ẹ́.

"Ibi tí àlọ́ mi sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ sí nìyí. Bí mo bá fi irọ́ pò ó, kí ìkòkò omi ẹ̀yìn mi yìí jò gbẹ kílẹ̀ tó mọ́. Bó bá jẹ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi ni mo ṣe sọ ọ́, kí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ dìde lọ bu mu."

Ìdòwú ló kọ́kọ́ dìde. Wọ́n gbọ́ igbá tó kan omi, wọ́n gbọ́ ọ tó ń gbé e mì.

"Ìyá Àgbà," ló wí, "ó tutù."